Ẹ̀rín Kì í Ṣe Ẹ̀sín

Ẹ̀rín kan wà tí ń gbé ènìyàn dìde. Ẹ̀rín mìíràn wà tí ń tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. Èyí èkejì ni Yorùbá ń pè ní ẹ̀sín. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì lè bínú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì lè pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ń bú u.

Ọ̀rọ̀ yìí jáde nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ alágbàṣe, wo fíìmù àtijọ́ tí Charlie Chaplin ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1936. Orúkọ fíìmù náà ní èdè Faransé ni Les Temps modernes, ìyẹn ni pé Ayé Òde-Òní. Àwọn ẹlẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Òun náà rẹ́rìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó dákẹ́. Nígbà tí fíìmù parí, ó béèrè pé: “Ọkùnrin tí kò níṣẹ́, ọmọbìnrin tí ebi ń pa, kí ló pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀?”

Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí ó rí ìdáhùn gidi.

Chaplin kò gbọ́ ìròyìn òṣì lẹ́nu ẹlòmíràn. London ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1889. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí òṣì gbé e dé ilé tí ìlú ń kó àwọn aláìní sí. Nígbà tí ó di gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, ọrọ̀ ajé ibẹ̀ dojú dé ní ọdún 1929. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kógbá sílé, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Ìnira ìgbà yẹn ni fíìmù náà ń sọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òṣìṣẹ́ kan dúró níwájú ẹ̀rọ tí ń gbé irin kọjá. Kò níṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa dè nọ́ọ̀tì lọ, láìsinmi. Ọ̀gá ń pàṣẹ kí ẹ̀rọ túbọ̀ yára. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ mìíràn wá tí yóò máa fi oúnjẹ sí òṣìṣẹ́ lẹ́nu, kí oúnjẹ jíjẹ má bàa gba àkókò iṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ya wèrè. Ó ń fi àgbàdo gbo ẹnu ọkùnrin náà, ó da ọbẹ̀ sí i láyà, ó sì ti nọ́ọ̀tì irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àwọn òǹwòran bú sẹ́rìn-ín. Ta ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín? Kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ọ̀gá tí ó rò pé ẹnu ènìyàn kò yàtọ̀ sí ihò tí a ń da epo sí lára ẹ̀rọ ni.

Nígbà tí ó ṣe, ọkùnrin yìí di ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé ìtajà ńlá kan lóru. Àwọn kan fọ́ ilé náà wọlé. Ó wo ojú wọn, ó rí ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe olè, ebi ló ń pa àwọn. Ẹni tí ó rẹ́rìn-ín títí dé ibẹ̀ yóò mọ̀ pé wọn kò fi òṣì ṣeré. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Irú ẹ̀rín yìí kò ṣàjèjì sí ará Kétu. Ní òru, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó ní ọ̀sán, Ẹ̀fẹ̀ a máa kọrin, gbogbo ìlú a sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣe àṣejù, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ olóyè, mọ̀ pé òun ni orin náà ń bá wí.

Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà jàre lápá kan. Nínú ọ̀pọ̀ eré apanilẹ́rìn-ín tí àwọn ènìyàn ń wò lórí tẹlifóònù, arọ, akólòlò àti ará oko ni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín. Ẹni tí kò mọ̀wé kì í gbẹ́yìn níbẹ̀: yóò dojú ìwé kọ ilẹ̀, gbogbo ilé yóò bú sẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tí ó ti tẹ ìka rí dípò kí ó kọ orúkọ rẹ̀ mọ bí ẹ̀rín yẹn ti ń dunni tó.

Chaplin náà fi ọ̀rọ̀ kíkọ pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Ọkùnrin inú fíìmù rẹ̀ fẹ́ kọrin ní ilé oúnjẹ kan, kò sì lè rántí ọ̀rọ̀ orin. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sí etí ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Bí ó ti ń jó, ó ju apá, etí ọwọ́ aṣọ náà sì fò lọ. Ọmọbìnrin náà ní kí ó ṣáà máa kọrin. Ó kọ ọ́ ní èdè tí kò sí níbì kan láyé, ó ń fi ojú àti ọwọ́ sọ ìtàn, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn òǹwòran gbọ́ ohùn Chaplin nínú fíìmù. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n iyì kò bọ́ lára rẹ̀.

Nítorí náà, kò yẹ kí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ yìí parí sọ́dọ̀ Chaplin. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wo eré máa bi ara rẹ̀ pé: ta ni a fi ń rẹ́rìn-ín? Bí ó bá jẹ́ alágbára tí ń ni ẹlòmíràn lára, kí ó rẹ́rìn-ín dáadáa. Bí ó bá jẹ́ aláìní, tàbí aláàbọ̀ ara, tàbí ẹni tí ń kọ́ ìwé ní àgbà, kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń wò ó.