Ìwé Kíkà Ọjọ́ Sọ́ńdè, Ẹ̀rín Ọjọ́ Máńdè

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kan àwa Àgùdà jù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin Mùsùlùmí àti ẹ̀yin oníjọ yòókù, ẹ má tíì kúrò níwájú pátákó yìí. Ó máa tó kàn yín.

Èrò tèmi ni pé bí a ṣe ń gbọ́ ìwé kíkà ọjọ́ Sọ́ńdè kò tó. A ń gbọ́ ọ, a ń dáhùn bó ṣe yẹ, a jókòó, ó parí. Bí ẹnì kan bá bi wá ní Túsìdeè pé kí ni wọ́n kà ní Mísà, ṣe la ó máa wo ara wa lójú.

Ẹ wo Pẹ́ńtíkọ́sì tó kọjá, ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún. Ìwé kíkà kìíní ọjọ́ náà, láti inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, kì í yí padà. Ọdọọdún la máa ń gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn láti ilẹ̀ oríṣiríṣi wà ní Jerúsálẹ́mù, Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù, kálukú wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Orúkọ àwọn ilẹ̀ yẹn le fún ẹni tó bá ń kà á. Firigíà, Pamfilíà, kí lẹ tún fẹ́? Ọ̀kan nínú wa ló kà á lọ́jọ́ yẹn. Ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Inú Mísà la wà.

Ní Máńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa dìde ka ojú ìwé kan nínú ìwé Yorùbá. Ẹ̀yìn ọ̀sà ló ti ń wá, èdè Ògù, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Ẹ̀gùn, ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ó kà á bí ahọ́n rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Kò tíì ka ìlà mẹ́ta tí kíláàsì fi bú sẹ́rìn-ín, tí ẹnì kan sì ń sín in jẹ láti ẹ̀yìn. Ẹni tó ka Firigíà ní Sọ́ńdè wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó tilẹ̀ dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ Ògù pọ̀ nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn. Nílé, Ògù ni wọ́n fi ń kí ìyá wọn. Tí wọ́n bá ti wọ géètì ilé ìwé báyìí, wọ́n ti di ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọkùnrin yẹn jókòó. Láti ọjọ́ náà kò tíì nawọ́ sókè dáhùn ìbéèrè kankan, bẹ́ẹ̀ òun ló mọ ìṣirò jù ní ìlà tá a jọ ń jókòó sí.

Ṣé ẹ rí i? Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín ìwé kíkà yẹn àti ẹ̀rín yẹn. Ká ní àwa mélòó kan ti jókòó ti ìwé náà fún ogún ìṣẹ́jú kí Sọ́ńdè tó dé, ká ní a ti bi ara wa pé ta ni èdè rẹ̀ yàtọ̀ láàárín wa níbí, mo rò pé ẹnì kan ì bá ti sọ pé, "Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ó kà á."

Àwọn kan á ní àwọn ìjọ mìíràn ló ni kíka Bíbélì lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́, pé Àgùdà kì í ka Bíbélì. Irọ́ gbáà. Ìpàdé ńlá Vatican Kejì ló sọ ní 1963 pé kí wọ́n ṣí Ìwé Mímọ́ sílẹ̀ fún àwọn èèyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti Ádífẹ́ńtì 1969 ni wọ́n sì ti pín ìwé kíkà ọjọ́ Sọ́ńdè sí ọdún mẹ́ta: ọdún Mátíù, ọdún Máàkù, ọdún Lúùkù. Ti Jòhánù ń wọlé ní Lẹ́ńtì àti Àjíǹde, ó sì ń ran Máàkù lọ́wọ́ torí tirẹ̀ kúrú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ fi 3 pín ọdún. Tí kò bá ṣẹ́kù, ti Lúùkù ni, bíi 2025. Tó bá ṣẹ́ku 1, ti Mátíù ni, bí ọdún tá a wà yìí. Ní 2019, Póòpù Francis tó ti dolóògbé tún ya Sọ́ńdè kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìkan. Kí ló kù ká máa wá? Wọ́n ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. Àwa la ò tíì mú ṣíbí.

Ẹlòmíràn á ní kí á dúró de Fádà, pé òun ló mọ̀ ọ́n túmọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún Fádà. Ṣùgbọ́n orúkọ Àgùdà tí wọ́n ń pè wá yìí, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pè. Nígbà tí Fádà Francesco Borghero dé Èkó láti Wídà ní 1863, ó bá àwọn èèyàn yẹn níbẹ̀ tí wọ́n ti ń péjọ gbàdúrà. Ẹni tó ń ṣáájú wọn ni wọ́n ń pè ní Padre Antonio, kì í sì í ṣe fádà rárá. Ọmọ ìjọ lásán ni, ẹrú tó ti gba òmìnira. 1868 ni fádà tó wá fìdí kalẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìgbà tó di 1876 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Tòpó, níbí lẹ́bàá Àgbádárìgì wa. Tí Padre Antonio bá sọ pé òun ń dúró de fádà, ta ni Borghero ì bá bá?

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìyá ìyá mi. Kò kàwé púpọ̀, Ògù ló sì ń sọ jù. Tá a bá ti jẹun tán ní Sọ́ńdè, á bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Kí lẹ gbọ́?" Lẹ́yìn náà, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ìbéèrè kejì yìí ló máa ń le. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ìtàn olóko àjàrà la gbọ́, ẹni tó san iye kan náà fún àwọn tó dé láàárọ̀ àti àwọn tó dé nírọ̀lẹ́. Àgbọn ni ìyá àgbà ń tà, ó máa ń gba àwọn tó ń bó o. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀kan nínú wọn gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, ọ̀sán ló tó dé. Ìyá àgbà san owó ojúmọ́ fún un, ó pé géérégé. Àwọn yòókù kùn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní òwò kọ́ nìyẹn. Ìyá àgbà ní, "Mo gbọ́ ọ ní Sọ́ńdè. Ṣé kí n wá dìbọ́n pé n ò gbọ́ ni?" Kò tíì dá mi lójú pé ó dáa fún òwò o. Ìtàn yẹn ń padà bọ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí, mo sì ń bẹ̀rù pé gbogbo abógbọn ló máa pẹ́ẹ́ dé lọ́sẹ̀ yẹn.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó ìyẹn. Ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Fúráìdeè lẹ́yìn agogo ìparí. Ká ka Ìhìnrere Sọ́ńdè tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Yorùbá, ní Ògù. Ká dákẹ́ díẹ̀. Kí kálukú wá mú ohun kan tó lè ṣe kí Fúráìdeè mìíràn tó dé, ohun tó ṣe é fojú rí. "Màá túbọ̀ nífẹ̀ẹ́ ọmọnìkejì mi" kò ṣe é fojú rí. "Màá jókòó ti lágbájá ní bréèkì" ṣe é rí. Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi máàkì sí i, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn sínípírẹ́fẹ́ẹ̀tì mú rẹ́jísítà wá. Tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ níbẹ̀, ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Mùsùlùmí tó bá fẹ́ gbọ́, kó wá. Ẹni tí wọ́n fi èdè rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ ní kíláàsì wa, Mùsùlùmí ni.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà jẹ́ họlidé, nítorí náà ọjọ́ 19 la ó bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé JSS1. Ìhìnrere Sọ́ńdè yẹn ni ibi tí Jésù ti ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ má bẹ̀rù èèyàn, tó wá mẹ́nu kan àwọn ológoṣẹ́ tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀. Mo ti bẹ ọmọkùnrin yẹn pé kó wá bá wa ka ti Ògù. Ó ní òun á rò ó. Ìyá àgbà ti yá wa ní Bíbélì Ògù rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ bọ́nsì kàn án.