Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń parẹ́: ẹ̀rí ló ń lọ, fọ́tò kò lọ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ìbò, kì í sì í ṣe ti owó òwú tàbí ti kaṣú. Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù tó wà lápò àwọn ọmọ wa ni.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa tọ̀ wá wá lẹ́yìn kíláàsì. Ọmọ ọdún 21 ni, ọmọ tó já fáfá. Ó ti fún wa láyè láti sọ ìtàn rẹ̀ láìdárúkọ. Lọ́jọ́ náà, kò lè jókòó. Ó ní òun mọ ọkùnrin kan lórí ọ̀kan nínú àwọn application tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń wá olólùfẹ́. Ọkùnrin náà ní ọmọ Benin lòun, pé Faransé lòun ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí àwọn kúrò níbẹ̀, kí àwọn lọ síbi tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń pa ara rẹ̀ rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ọ̀rọ̀ àwọn. Ọmọ náà rò pé àpọ́nlé ni. Ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́, irú èyí tí èèyàn kì í fi han ìyá rẹ̀. Fọ́tò náà hàn, ó sì parẹ́ lóòótọ́. Ní ọjọ́ kẹta, fọ́tò kan náà padà wá, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wa, àti iye owó kan: 150 000 fàràǹkì, kó fi MoMo ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún wa nìyí: "Monsieur, ṣebí ó ti parẹ́! Ojú mi ló ṣe, mo rí i pé ó parẹ́."

Orí ọ̀rọ̀ yẹn la fẹ́ dúró lé. Kì í ṣe òun nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nílé yín, ẹ ó gbọ́ ohun kan náà: pé ohun tó ti parẹ́ kò sí mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kí ló ń parẹ́ gan-an?

Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́, tẹlifóònù yín ló ti ń jáde, ó ń gba inú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ni application náà kọjá, ó sì ń dé inú tẹlifóònù ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá sọ pé "yóò parẹ́", ohun tó ń sọ ni pé application òun kò ní fi hàn mọ́. Àṣẹ yẹn kò kan ẹni tó ń wò ó. Ó lè ya ojú tẹlifóònù rẹ̀, ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní capture. Bí application náà bá dí capture, yóò mú tẹlifóònù mìíràn, yóò fi ya èyí tó wà níwájú rẹ̀ ní fọ́tò. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Wọ́n tún máa ń sọ fún wa pé wọ́n ti ti ọ̀rọ̀ náà ní kọ́kọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òótọ́ ni fún WhatsApp. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni wọ́n tì. Ó dà bí ìgbà tí a bá di ẹrù sínú àpótí, tí a tì í pa, tí a gbé e fún ọlọ́kọ̀ láti Kétu kó gbé e lọ sí Kútọnu. Olè ojú ọ̀nà kò lè ṣí i. Ẹni tó máa gbà á ní Kútọnu ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun gan-an ni olè, kí ni àgádágodo yẹn fẹ́ ṣe fún wa?

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn.

Snapchat, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, ló sọ irú fọ́tò yìí di olókìkí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà àwọn tó ń rajà, fẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ náà pé ìlérí tó ń ṣe fún aráyé kì í ṣe òótọ́. Àjọ náà ṣàlàyé pé ẹni tó gba fọ́tò lè lo application mìíràn láti ṣí i, kó sì tọ́jú rẹ̀ títí láé. Fídíò tó yẹ kó ti lọ sì ń wà nínú tẹlifóònù, níbi tí èèyàn ti lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kó kó o jáde. Ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí àdéhùn, wọ́n sì ní kí ẹni tí kì í ṣe ara rẹ̀ máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò fún 20 ọdún.

Ní ọdún 2015, ó kan Ashley Madison, ibi tí àwọn tó ti ní ọkọ tàbí aya ń lọ wá àlè. Wọ́n ń gba dọ́là 19 lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n pa gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ọn rẹ́ pátápátá. Nígbà tí àwọn olè wọ inú kọ̀ǹpútà wọn, tí wọ́n sì da ohun tí wọ́n kó sí gbangba, a rí i pé ohun tó jẹ mọ́ àwọn tó ti san owó yẹn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n sanwó kí ó lè parẹ́, kò parẹ́.

WhatsApp náà bẹ̀rẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń parẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Ní 2021, ó fi fọ́tò tí a ń wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kún un. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí a máa lò ó pẹ̀lú ẹni tí a fọkàn tán nìkan, nítorí pé ẹni náà lè ya á, ó sì lè tọ́jú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí: ẹni tí a fọkàn tán. Ẹni tí a pàdé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí a kò mọ ilé rẹ̀, tí a kò mọ ẹni tó bí i, ṣé ẹni tí a fọkàn tán nìyẹn?

Ta ló ń jèrè rẹ̀?

Nígbà tí a mú akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí kọmisáríà, ọlọ́pàá tó gbà wá ní sùúrù. Ó bi í pé: "Kí ló kọ sí ẹ?" Ọmọ náà ṣí tẹlifóònù rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìlérí ọkùnrin náà, irọ́ rẹ̀, ìhàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti pa ara rẹ̀ rẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni SMS MoMo, nítorí pé ó ti fi 40 000 fàràǹkì ránṣẹ́ kó tó wá bá wa. Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti rí nọ́mbà kan tó lè kọ sílẹ̀.

Ẹ wá wò ó. Fọ́tò ọmọ yìí wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kò sí lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ohun tí wọ́n sọ fún un pé yóò dáàbò bò ó, ọ̀daràn ló dáàbò bò. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní kúkúrú, ohun tó ń parẹ́ ni ẹ̀rí. Ẹni tó fẹ́ tan èèyàn jẹ mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi ń yára sọ pé "jẹ́ ká kúrò níbí." Nígbàkigbà tí àjèjì bá ń kánjú láti mú yín lọ síbi tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́, ó yẹ kí ẹ bi í léèrè pé kí ló fẹ́ kó parẹ́.

Fífi fọ́tò ìhòòhò dẹ́rù ba èèyàn kí wọ́n lè gbowó ti di òwò ńlá. Ní oṣù keje ọdún 2024, Meta, tó ni Facebook àti Instagram, kéde pé òun ti pa nǹkan bí 63 000 àkáǹtì Instagram rẹ́ ní Nàìjíríà, nítorí iṣẹ́ yìí kan náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní Amẹ́ríkà, pa ara rẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tó fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọmọbìnrin. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti Èkó ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n mú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì nínú wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní 2023. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ẹjọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti oṣù mẹ́fà.

Ẹ má sọ pé ti Nàìjíríà nìyẹn. Gayman ni a ń pè wọ́n lọ́dọ̀ wa ní Benin, a sì mọ̀ wọ́n. Ọmọ ẹni ni wọ́n, ọmọ àdúgbò ni wọ́n. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò níṣẹ́ bá ra mọ́tò, tó bá mọ ilé, àwa náà là ń lọ bá a yọ̀. A ń gba owó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ń gbà á ní mọ́ṣáláṣí, a ń pè é sí ìkómọ. A kì í bi í pé níbo ló ti rí i. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ránṣẹ́, owó oúnjẹ rẹ̀ fún oṣù méjì ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti fi ra ọtí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbì kan tí wọ́n ti ń yìn ín.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń parẹ́. Nínú ilé tí èèyàn márùn-ún ti ń lo tẹlifóònù kan, ó dára kí ọ̀rọ̀ tọkọtaya má dúró síbẹ̀ kí ọmọ kékeré wá kà á. Láàárín àwọn tó mọ ara wọn dénú, kò burú. Àárín àjèjì méjì ló ti ń di ìdẹkùn.

Kí la lè ṣe?

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe sanwó. Ẹni tó bá gba 40 000 lónìí yóò bèèrè 80 000 lọ́la. Ohun tó ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wa gan-an nìyẹn. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́, ìtìjú ló máa ń mú èèyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìhàlẹ̀ bá wọlé síbi tí ọ̀rọ̀ ti ń parẹ́, ẹ mú tẹlifóònù ẹlòmíràn, kí ẹ fi ya á ní fọ́tò kó tó lọ. Ẹ kọ orúkọ tó ń lò, nọ́mbà rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí sínú ìwé. Ẹ tọ́jú SMS MoMo. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dí i.

Òfin wà. Ní Benin, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a mọ̀ sí Code du numérique, ní ìjìyà fún ẹni tó bá ń fi íntánẹ́ẹ̀tì yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Kọmisáríà tó súnmọ́ yín lè gba ẹjọ́ náà, CNIN sì wà tó ń wádìí ọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Tógò, òfin 2018-026 ti ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2018 ló kan ọ̀ràn yìí. Ẹni tó ń halẹ̀ ló ṣẹ̀ sófin. Ọmọ tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ kọ́ ni.

Ẹ̀yin òbí, ibi tó kan yín nìyí. Àwọn oníṣẹ́ ibi yìí kò ní ohun ìjà kankan ju ìbẹ̀rù ọmọ yín lọ, ẹ̀yin gan-an ló sì ń bẹ̀rù. "Màá fi han bàbá ẹ": gbogbo agbára wọn nìyẹn. Bí ọmọ bá mọ̀ pé òun lè wá bá yín kí ẹ tó na pàṣán, kò sí ohun tó kù lọ́wọ́ wọn. Ẹ lè bá a wí lẹ́yìn náà. Ẹ kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò fẹ́ ká pe bàbá rẹ̀. Ó ní òun yóò kúkú fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ló tó gbà. A pe bàbá náà, a sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ó dákẹ́ títí, a rò pé réseau ti já ni. Lẹ́yìn náà ó bi wá pé: "Ṣé ó ti jẹun?" Ó gun zem wá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Fọ́tò náà ṣì wà níbì kan, a ò ní purọ́ fún yín. Ọkùnrin náà kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì sí i, pé òun yóò fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Ọmọ náà dá a lóhùn pé bàbá òun ti mọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń ṣe stage lọ́wọ́, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ìwé kíkà.