Ẹ̀rọ Tí A Kò Bá Lè Tọ́jú, Kí A Má Ṣe Rà Á

Jẹjẹrẹ kì í ṣe àrùn àgbàlagbà nìkan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún lè bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kí àwọn òbí rẹ̀ rò pé eyín ló ń dùn ún, kí ibi tó wú náà sì di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Dókítà Denis Burkitt kọ̀wé nípa irú rẹ̀ láti Uganda lọ́dún 1958. Ó wọ́pọ̀ níbi tí ibà bá pọ̀ sí, bíi ilẹ̀ tiwa. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé ó ṣeé wò, bí oògùn bá tètè dé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó ju 80 lọ nínú 100 ọmọ tó ní jẹjẹrẹ tó ń rí ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tálákà, wọn kò tó 30. Àìtètè mọ àrùn náà, àìsí irinṣẹ́ àti owó tó tán lọ́wọ́ òbí kí ìtọ́jú tó parí wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí.

Nítorí náà, ẹni tó bá gbé igbá owó nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, iṣẹ́ rere ló ṣe. Èmi náà yóò dá níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù kan ń bà mí. Nígbà tí mo ṣì wà nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́lẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan. Wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀, àwọn olóyè ya fọ́tò, mo sì kọ ìròyìn tó dùn. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́dún kejì, aṣọ ti padà sórí ẹ̀rọ náà. Èròjà olómi tó fi ń ṣiṣẹ́ ti tán, kò sì sí owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti ra òmíràn. Orúkọ olùtọrẹ ṣì ń dán lára ògiri.

Kò sí ẹni tó ń ṣe ayẹyẹ nítorí epo jẹnẹrétọ̀ tàbí owó oṣù ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí ọmọ wà nínú wọn. Kí ìgbìmọ̀ ìkówójọ tó ra ohunkóhun, kí wọ́n ṣírò ohun tí ìtọ́jú rẹ̀ yóò ná wọn fún ọdún márùn-ún, kí wọ́n sì kà á mọ́ iye tí wọ́n ń wá.

Owó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de ọlọ́lá kan ṣoṣo. Ilé ìwòsàn ọmọdé St. Jude ní ìlú Memphis, Amẹ́ríkà, tó ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1962, kì í gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ òbí. Ẹ̀bùn aráàlú ló pọ̀ jù nínú owó tó ń ná. Rẹ́mọ náà mọ agbára àjọṣe: ìlú mẹ́tàlá ló para pọ̀ di Ṣágámù lọ́dún 1872, láti lè dáàbò bo ara wọn. Ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ lè máa dá iye kékeré lóṣooṣù, bí ẹni ń dá èsúsú. Ẹni tó ń dá èsúsú sì máa ń mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí owó wà. Kí wọ́n lẹ ìṣirò náà mọ́ ògiri, níbi tí ìyá aláìsàn ti lè kà á.

Akọ̀ròyìn ni ẹni tí ilé ìwòsàn náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ayékòótọ́ ló ń pe ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò owó àwọn ọmọ yìí jẹ́ òótọ́ tí ayé kò ní lè kọ̀.