Ó Yẹ Kí A Gba Windows Tuntun Sínú Kọ̀ǹpútà Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń fa iyàn láàárín àwa tí a ń lo kọ̀ǹpútà ní ìlú Ẹdẹ. Àwọn kan ní àwọn kò ní pààrọ̀ Windows tí ó wà nínú ẹ̀rọ àwọn. Àwọn mìíràn ní ó di dandan. Èmi wà lára àwọn tí ó ní ó di dandan, n kò sì fi bò pé inú mi a máa dùn bí ọmọdé tí ó rí aṣọ ọdún nígbàkígbà tí ètò tuntun bá jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdùnnú nìkan ni mo fẹ́ fi jiyàn níhìn-ín.

Ara kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ètò tí ó ń darí rẹ̀. Bí a bá tan ẹ̀rọ, ètò ìdarí yìí ni ó ń jí i. Òun ni ó ń gba ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀, òun ni ó sì mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Windows ni èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ilé-iṣẹ́ Microsoft ni ó sì ni ín. Windows 10 jáde ní ọdún 2015, Windows 11 jáde ní 2021. Nígbà tí ó di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, Microsoft dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí Windows 10 dúró. Wọ́n fi àyè ọdún kan sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé irú àyè bẹ́ẹ̀ wà?

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Oṣooṣù ni Microsoft máa ń rẹ́ ibi tí ògiri bá ti lanu. Bí wọ́n bá ṣíwọ́, ògiri kò ní ṣíwọ́ àtilanu. Ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn baba wa ni pé Aláàfin ni ó rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná wá sí Ẹdẹ kí ó lè máa ṣọ́ ọ̀nà fún àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́. Ká ní wọ́n pe ẹ̀ṣọ́ yẹn padà sílé, ọ̀nà náà yóò ṣì wà. Oníṣòwò lè gbà á lónìí, kí ó tún gbà á lọ́la, kí nǹkan kan má ṣe é. Ta ni yóò wá di ẹrù olówó iyebíye gba ibẹ̀? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Windows 10 tí kò rí àtúnṣe gbà mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ni kò sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹ̀rù lásán ni mo ń dá bà á, kí ó rántí oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2017. Kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní WannaCry tàn dé nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó ń ti fáìlì pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀ bí ajínigbé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dé àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba, wọ́n sì ní láti dá àwọn aláìsàn padà sílé. Ohun tí ó dunni jù níbẹ̀ ni pé Microsoft ti ṣe àtúnṣe tí ìbá dí ihò náà láti oṣù Ẹrẹ́nà. Àwọn tí kò gbà á sínú ẹ̀rọ wọn ni ìyà jẹ.

Ẹ wo àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí ó wà káàkiri ìlú yìí. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ Federal Polytechnic ti ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹni tí ń wáṣẹ́ ti ń kó ìwé-ẹ̀rí, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà NIN rẹ̀ lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ẹrù ọ̀gá nìkan kọ́ ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2023 lórí ààbò ìsọfúnni sì ti sọ ọ́ di ojúṣe ẹni tí ó bá gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pé kí ó dáàbò bò ó.

Mo ti bá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí jiyàn rí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ mi ń tẹ̀wé, ìwé ń jáde. Kí ni mo tún ń wá?" Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, ṣé ẹ rántí Windows XP?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ni kò fẹ́ràn XP? Àtúnṣe rẹ̀ dópin ní 2014, Google Chrome kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní 2016, kò sì pẹ́ tí ó fi di ẹ̀rọ tí kò lè ṣí ojú ewé kan dáadáa. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀ẹ̀mìíràn.

Àròyé tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti àwọn tí ó ní ẹ̀rọ àwọn kò gba Windows 11. Òótọ́ ni. Yàtọ̀ sí àyè ìrántí 4 GB àti àyè ìpamọ́ 64 GB, ó ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Bí ẹ̀rọ bá sì jẹ́ ti Intel, àfi kí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ti ìran kẹjọ sókè, ìyẹn èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 2017. Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí a ń rà ni ó dàgbà ju èyí lọ. Lójú tèmi, Microsoft le jù níbí. Àwọn ọmọkùnrin kan a máa fi ọgbọ́n-ẹ̀wẹ́ gbé e wọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kò ṣèlérí àtúnṣe fún un. A tún padà sí ojú ọ̀nà tí kò ní ẹ̀ṣọ́ nìyẹn. Èyí tí wọ́n já títì rẹ̀ tà ní pọ́ọ́kú tilẹ̀ burú jù, nítorí kòkòrò lè ti wà nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ wa.

Ẹ má sọ ẹ̀rọ náà nù. Linux wà, èyí tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni Ubuntu àti Linux Mint tí a ti ara rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àgbà. Ẹ ó tilẹ̀ bá àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá níbẹ̀ lára àwọn ti Nàìjíríà. N kò ní purọ́: ìwé tí a fi Word ṣe a máa yẹ̀ díẹ̀ nígbà mìíràn bí a bá ṣí i níbẹ̀, CorelDRAW tí àwọn tí ń ṣe ìwé ìpè sí ìnáwó ń lò kò sì ní ẹ̀dà ti Linux lóde òní.

Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá gba Windows 11 yóò gbádùn rẹ̀. Èmi fẹ́ràn bí a ti ń pín ojú ẹ̀rọ, kí ìbéèrè wà lápá kan, kí àròkọ wà lápá kejì. Bí mo bá gbàgbé tí mo pa Notepad láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́, mo máa ń bá a níbẹ̀ nígbà tí mo bá padà dé. Ti dátà àti iná kò sì le tó bí wọ́n ti ń wí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Microsoft, a ó sì fi í sínú fláàṣì 8 GB. Fláàṣì kan náà ni a ó fi ṣe gbogbo ẹ̀rọ tí ó bá yẹ.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà mẹ́rin ní Akódà, n ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì sí ibòmíràn. Èyí tí ó bá gba Windows 11, n ó fi í fún un lọ́jọ́ tí bátìrì bá kún. Àwọn tí a fi ń tẹ ìwé lásán tí kò bá gbà á, Linux Mint ni n ó fún wọn. Èyí tí CorelDRAW wà nínú rẹ̀, tí ọjọ́ orí kò jẹ́ kí ó gba tuntun, n ó yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kí ó máa ya ìwé ìyàwó lọ títí n ó fi rówó ra òmíràn.