Kí Ẹni Tó Gba Ipò Kìíní ní Ìgbèríko Náà Rí Ọ̀nà Wọlé

Nígbàkúùgbà tí èsì Báàkì, ìdánwò tí a fi ń parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, bá jáde, tí adìyẹ ń sá kiri àgbàlá nítorí ẹ̀mí rẹ̀, tí ìyá ọmọ ń jó, tí bàbá ọmọ ń fa agbádá ká, ariwo ayọ̀ náà kì í tí ì rọlẹ̀ ní Àjàṣẹ́, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí àwọn ọmọ tó kó ara wọn sídìí kọ̀ǹpútà láti yan ẹ̀kọ́ lórí Apresmonbac, ojúlé tí ìjọba fi ń pín wọn sí yunifásítì. Nítorí pé bí ìwé Báàkì tilẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá gbà á, máàkì ni yóò sọ ẹni tí ìjọba yóò fún ní búọ́ọ̀sì, ìyẹn owó ẹ̀kọ́, ẹni tí yóò gba ìrànwọ́ díẹ̀, àti ẹni tí bàbá rẹ̀ yóò ta ilẹ̀ kí ó tó kàwé.

Àwa kò bá máàkì jà. Ó sàn fíìfíì ju ìwé pélébé tí ẹ̀gbọ́n kan kọ sí ọ̀gá kan lọ. Ohun tí a ń wí ni pé orí ìlà kan ṣoṣo ni a ń to gbogbo ọmọ Bẹ̀nẹ̀ sí, láìbéèrè ibi tí oníkálukú ti gbéra. Ọmọ tó jókòó ní Líísè Béhanzin ní Àjàṣẹ́, tó ń jẹ́ Victor Ballot láyé Faransé, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ yìí ti inú rẹ̀ jáde, àti ọmọ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìgbèríko kan lẹ́yìn Kétu, ilé Alákétu, níbi tí olùkọ́ ti ń fi ẹfun ya ìgò àdánwò sára pátákó nítorí kò sí ìgò gidi tí ọmọ lè fọwọ́ kàn, ṣé ìdíje àwọn méjèèjì dọ́gba? Ẹni tó gba 12 nínú 20 níbẹ̀ lè ti làágùn ju ẹni tó gba 14 nígboro, tí olùkọ́ àdáni ń wá bá nílé lálaalẹ́.

Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn ní í ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Nígbà tí ilé ẹjọ́ kan ní 1996 sọ pé kí àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà, má wo àwọ̀ mọ́ bí wọ́n bá ń gba ọmọ, aṣòfin obìnrin kan, Irma Rangel, gbé òfin kan kalẹ̀ tí Gómìnà George W. Bush fọwọ́ sí ní 1997, pé ọmọ tó bá wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ní ìlú ńlá, ìbáà jẹ́ ní abà màlúù, yunifásítì ìjọba kò gbọdọ̀ tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Faransé pàápàá, ẹni tó kọ́ wa ní Báàkì, ṣe òfin tó jọ ọ́ ní 2013.

Òfin Texas kò ṣàì ní àléébù. Àwọn ọmọ náà kún Yunifásítì Texas tó wà ní Austin débi pé ní 2009 ìjọba ní kí àyè tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ má ju mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, àwọn òbí kan sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ilé-ẹ̀kọ́ tí ìdíje rẹ̀ kò le fún ọmọ wọn, kí ipò lè bọ́ sí i lọ́wọ́. (Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa: ará Àjàṣẹ́ kò ní pẹ́ gbọ́n ọgbọ́n yìí.) Ṣùgbọ́n Austin mọ̀ pé àyè láìsí owó, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni, ó sì dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún ọmọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í sábà rán ọmọ wá.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dé. Ọmọ ìgbèríko tó dé yunifásítì ní Calavi láìní búọ́ọ̀sì yóò wá owó yàrá, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ kí ó tó ra ìwé kan. A ń bẹ ìjọba pé kí ó ya búọ́ọ̀sì díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn tó ṣíwájú ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá ti yege Báàkì, tí wọ́n sì ti lo gbogbo ọdún mẹ́ta ìkẹyìn níbẹ̀. Kí a sì ti lẹ orúkọ wọn mọ́ ara ògiri ilé-ẹ̀kọ́ náà kí Apresmonbac tó ṣí.