Ohùn Gìtá: Ti Gílóòbù Ni Tàbí Ti Kọ̀ǹpútà?

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé tàbí ti ìwé ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ gìtá ni. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín, nítorí pé díẹ̀ ló kù kí ó tú ìpàdé wa ká.

Ẹni tí ó wá sí ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn ní Thamesmead mọ bí ó ti rí. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè àtijọ́ tí àwọn aṣáájú wa fi sílẹ̀ fún gìtá wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí. Gílóòbù ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ènìyàn méjì ní í gbé e, ó sì ti ń kùn bí oyin. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a tà á, kí a fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun tí kò tóbi ju ìwé ńlá méjì lọ, èyí tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ń sín ohùn onígílóòbù jẹ. Àwọn ẹ̀gbọ́n ní ayédèrú ni. Wọ́n wá ní kí àwa tí à ń kọ ojú ewé yìí dá sí i.

Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Ní London níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n John Ambrose Fleming ti ṣe àkọ́kọ́ irú gílóòbù yìí ní 1904. Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín rẹ̀ ní 1906, ìyẹn ni ó sì sọ ọ́ di ohun tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Ohùn díẹ̀ tí ó ti ara okùn gìtá wá a máa darí iná púpọ̀, bí ọwọ́ kan ṣe ń yí ẹnu ẹ̀rọ omi. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, ohùn náà kì í já lójijì. Ńṣe ni ó ń ki, tí ó sì ń há díẹ̀díẹ̀. Adùn tí àwọn onígìtá ń wá nìyẹn.

Ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ ń sọ ohùn gìtá di nọ́ńbà, ó ju ìgbà 40,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń ṣírò ohun tí gílóòbù ì bá ṣe, ó sì ń dá a padà fún wa. Line 6 ti Amẹ́ríkà gbé POD jáde ní 1998. Ní 2011, Kemper ti Jámánì mú èyí tí ń tẹ́tí sí ojúlówó ẹ̀rọ, tí ó sì ń kọ́ ìṣe rẹ̀, wá sí ọjà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ní àwòkọ ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Hanwell, ní ìwọ̀ oòrùn London, Jim Marshall àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wo Fender Bassman ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ ní 1962. Sípíkà tí wọ́n rí níbí yàtọ̀, ohùn náà sì yàtọ̀. Àwòkọ ni òun náà nígbà náà. Ta ni ń pe Marshall ní ayédèrú lónìí?

Ẹ tún wo irú orin tí à ń ṣe. Nínú jùjú Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé, gìtá mélòó kan ni ń dá ara wọn lóhùn. Ohùn wọn a máa mọ́ gaara, nítorí pé bí ọ̀kan bá há jù, yóò bo èkejì mọ́lẹ̀, yóò sì bo gángan. Ohùn híhá tí à ń tìtorí rẹ̀ jà kò tilẹ̀ pọ̀ nínú orin wa.

Ibi tí à ń gbé náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin láti Abbey Wood gba Belvedere, Erith àti Slade Green dé Dartford, níbi tí ilé iṣẹ́ Tom Jennings ti ṣe Vox AC15 ní 1958, tí AC30 fi tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í dùn tán àfi bí a bá yí i sókè. Ta ni yóò yí i sókè nínú àwọn ilé alájà Thamesmead, tí ènìyàn ń gbé lókè, lábẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, tí ará ilé kejì sì ń sùn lọ́sàn-án nítorí iṣẹ́ alẹ́? Ti kọ̀ǹpútà, ẹ fi ohun ìgbọ́ orin sí etí, kí ẹ ta gìtá di òru.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, a kò gbè yín tán. Bí ẹ bá so ẹ̀rọ tuntun yín mọ́ sípíkà tí kò dára, yóò dún bí rédíò àlòkù. Bí ó bá sì bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó ṣòro kí ẹ rí ẹni tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe gílóòbù tuntun ní Slovakia àti ní Ṣáínà.

Ọ̀kan nínú yín tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ àtijọ́ náà láti wá ohun tí ń kùn. Ẹ gbọ́ o: iná inú rẹ̀ lè ju 300 fóòtì lọ, ó sì lè fara pamọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà lára ògiri. Iná yẹn lè pa ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má tú u mọ́ àfi oníṣẹ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí a fi owó àpò ẹgbẹ́ ra kékeré kan nínú ẹ̀rọ tuntun, kí àwọn ọ̀dọ́ máa gbé e lọ sílé ní ìkọ̀ọ̀kan. Kí a má ta ti àtijọ́. Bí owó ẹgbẹ́ bá tún wọlé, kí a tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n tí ó bá sì ní ohùn ìsinsìnyí kò dùn, kí ó jókòó ti ọmọ kan, kí ó kọ́ ọ bí a ti í fi ìka mú okùn. Kò sí gílóòbù, kò sí kọ̀ǹpútà, tí yóò bá a kọ́ ìyẹn.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ire o.