Iye Wáàtì Ara Páálí Kọ́ Ló Ń Dún

Láwọn ìsọ̀ ẹ̀rọ tó tò láti ibùdókọ̀ Ẹgbẹ́dá nílùú Èkó lọ sí ọ̀nà Akówọnjọ, nọ́ńbà ni ojú oníbàárà kọ́kọ́ ń bá lára páálí home theatre. 5,000. 9,000. 12,000. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà ju orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ lọ, wọ́n á wá fi lẹ́tà wínníwínní kọ PMPO sí ìdí rẹ̀. Ọmọ ìsọ̀ á tan án, á yí ohùn sókè, wúfà, sípíkà tó ń gbé béèsì, á máa dún gbìn-ìn gbìn-ìn, àyà oníbàárà á máa gbọ̀n tẹ̀ lé e. Wọ́n á ná an díẹ̀, owó á bọ́, páálí á wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di pálọ̀. Kò ní pẹ́ tí baálé ilé á fi máa bi ìyàwó rẹ̀ láàárín fíìmù pé, "Kí ni bàbá yẹn wí?"

Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe yàn án ni kò tọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó òun ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan sípíkà, kó wo bí pálọ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó, lẹ́yìn náà ni kó wá receiver tó bá wọn mu. Receiver ni àpótí tó ń gba ohùn láti ara tẹlifíṣọ̀n tàbí ẹ̀rọ DVD, tó ń fún un lágbára, tó sì ń pín in fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Sípíkà ló ń sọ̀rọ̀, receiver ló ń bọ́ ọ. Kò sí olóúnjẹ tó ń gbé ìkòkò kaná láìmọ iye ẹnu tó fẹ́ jẹun, àmọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ra ohùn.

PMPO ni iye agbára tí wọ́n ní ẹ̀rọ lè tú jáde láàárín àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí ìṣirò tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe bó ṣe wù ú. Kò sí òdiwọ̀n kan tí gbogbo ayé fọwọ́ sí fún un. Èyí tó ní ìtumọ̀ ni RMS, agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdáwọ́ dúró. Ní Amẹ́ríkà, àsọdùn lórí iye wáàtì pọ̀ débi pé àjọ FTC, tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀, ṣe òfin lé e lórí lọ́dún 1974, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2024: ẹni tó bá fẹ́ polówó iye wáàtì gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n lórí 8 óòmù, láti 20 hertz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) dé 20,000 hertz, kí ìdàrú inú ohùn náà má sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Kò pọn dandan kí oníbàárà Ẹgbẹ́dá mọ gbogbo ìyẹn. Kó ṣáà yí ẹ̀rọ náà, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ti jáde, wọ́n kọ iye iná tí ẹ̀rọ ń fà síbẹ̀. Bó bá jẹ́ wáàtì 90 ló ń fà lára ògiri, ibo ló ti máa rí 12,000 tó fẹ́ gbé jáde? Ẹni tó pọn omi garawa kan kò lè fi kún àgbá mẹ́wàá. Àkọlé kékeré yẹn ló sún mọ́ òótọ́ jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, ẹ̀yìn ló sì wà, níbi tí ojú kì í dé.

Ohun tó máa ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé agbára tí ilé nílò kò tó nǹkan. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n kan fún sípíkà gidi, bíi dB 88: bó ṣe máa dún tó nìyẹn bí wọ́n bá fún un ní wáàtì 1 péré, tí ẹni tó ń gbọ́ ọ sì wà ní mítà 1 sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán láàárín èèyàn méjì kò ju nǹkan bíi dB 60 lọ. Nínú pálọ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú, 12 lóròó, wáàtì 1 yẹn ti ju ohun tí wọ́n ń fi gbọ́ ìròyìn lọ. Ibi tí ìbọn bá ti dún nínú fíìmù tàbí tí ìlù bá ti bú lójijì ni agbára ti ń pọ̀, wáàtì 50 sí 100 tó jẹ́ òótọ́ sì tó fún un. Bí wọ́n bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dB 3 péré ló ń fi kún ohùn. Ẹni tó bá fi owó lé owó kó lè kúrò ní wáàtì 80 bọ́ sí 100, etí rẹ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀. Sípíkà dB 91 sì ń fi ìdajì agbára ṣe iṣẹ́ tí ti dB 88 ń ṣe. Ibẹ̀ ló yẹ kí owó gbà.

Óòmù tún wà, ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, tí wọ́n fi àmì Ω kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré sí ni sípíkà ń fa agbára lára receiver sí. Ọ̀pọ̀ receiver ni wọ́n ṣe fún 6 sí 8. Sípíkà inú páálí home theatre sábà máa ń jẹ́ 3 tàbí 4, torí receiver inú páálí yẹn nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé: receiver inú páálí á kú, sípíkà márààrún á wà digbí, onílé á lọ ra receiver tòkunbọ̀ ńlá, á gé ẹnu wáyà, á so àwọn sípíkà àtijọ́ mọ́ ọn. Kò ní pẹ́ tí ara receiver á fi gbóná bí ààrò, tí á máa kú fúnra rẹ̀, tí wọ́n á tún tan án, tí á tún kú. Wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn. Ó ṣeé ṣe kó má ní àléébù kankan. Ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ ni wọ́n gbé rù ú.

Òdìkejì rẹ̀ náà burú. Àwọn kan gbà pé receiver kékeré kò lè ṣe sípíkà ńlá ní nǹkan kan. Irọ́ ni. Bí wọ́n bá yí receiver tí agbára rẹ̀ kò tó dé òpin, ó máa ń gé orí ohùn, ohùn tó gé yẹn a sì máa jó tuwítà, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè. Bí ohùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ha, kí wọ́n tètè yí i wálẹ̀.

Ìdí tó wúwo jù fún kí Yorùbá fi sípíkà ṣáájú wà nínú èdè rẹ̀. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ya ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ tó ń ná Ẹgbẹ́dá sí Ọ̀ṣòdì. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ máa ń wà ní àyíká 100 hertz, àyíká ibẹ̀ náà sì ni wúfà olówó pọ́ọ́kú ti ń ké jù, torí pé kò lágbára láti sọ̀kalẹ̀ dé 30 tàbí 40 níbi tí béèsì tó jinlẹ̀ wà. Bí babaláwo bá ń pe ọfọ̀ nínú fíìmù, tí wúfà ń dún bò ó, ìró ni pálọ̀ ń gbọ́, ọ̀rọ̀ ti rì. Dùndún ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ni ìlù yẹn ń sọ. Sípíkà méjì tí ohùn àárín wọn mọ́ gaara á jẹ́ kí ilé mọ ẹni tí onílù ń kì. Márùn-ún inú páálí, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ, kò lè ṣe é. Fíìmù Yorùbá tó wà lórí fídíò CD pàápàá, ọ̀nà méjì ni ohùn rẹ̀ gbà, ọ̀tún àti òsì. Kò sí nǹkan tí sípíkà ẹ̀yìn ń rí gbà níbẹ̀ àfi èyí tí receiver bá dá ọgbọ́n rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan owó, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ sórí sípíkà. Ẹni tó bá ní ₦300,000, kó fi ₦200,000 wá sípíkà méjì, kó fi ìyókù wá receiver tòkunbọ̀ tó láyè fún márùn-ún, kó máa fi sípíkà àárín kún un bí owó bá tún wọlé. Sípíkà tó dára lè lo ogún ọdún láìṣákìí; receiver ni ayé ń yípo mọ́ lọ́wọ́. HDMI ARC, tó ń jẹ́ kí wáyà kan ṣoṣo gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n wọ inú receiver, ọdún 2009 ló dé. Ẹni tó bá ń ra èyí tó dàgbà ju ìyẹn lọ, kó rí i pé ihò optical wà lára rẹ̀.

Kó tún bi wọ́n pé ìlú wo ni receiver tòkunbọ̀ náà ti wá. Ti Ìlú Ọba àti Jámánì ń lo fóòtì 230 bíi ti Nàìjíríà. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Japan jẹ́ 100; bí wọ́n bá kì wọ́n bọ ògiri Ẹgbẹ́dá láìsí tiransifọ́mà, ó parí. Kó má sì gbàgbé iná. Nígbà tí àjọ NERC, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, àwọn tó ń rí iná lò jù, dé ₦225 fún yúníìtì kan lóṣù kẹrin ọdún 2024, ẹ̀rọ tó ń fa wáàtì púpọ̀ di ìnáwó ojoojúmọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí "I better pass my neighbour", tí kò ju nǹkan bíi wáàtì 650 lọ, tí fíríìjì àti fáànù ti wà lórí rẹ̀, kò lè ru receiver tó ń fa 400.

Àwọn kan á ní béèsì tó ń mi ògiri làwọn fẹ́, owó àwọn ni. Òótọ́ ni, owó wọn ni, ṣùgbọ́n ògiri alájọgbé ni. Òdiwọ̀n tí àjọ LASEPA, tó ń rí sí àyíká ní Èkó, fi lélẹ̀ fún àdúgbò tí èèyàn ń gbé ni dB 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru. Kò gba wáàtì tó pọ̀ láti kọjá ìyẹn, àgàgà nílé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọmọ ọwọ́ ń sùn lẹ́yìn ògiri. Ẹni tó bá ní òde ńlá, kó háyà sípíkà òde.

Ó yẹ kí àjọ SON, tó ń rí sí òdiwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, fòpin sí PMPO lára páálí, kí wọ́n jẹ́ kí RMS àti óòmù hàn gàdàgbà. Kó tó di ìgbà yẹn, kí ẹni tó ń lọ ra tirẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí mú fíìmù tó mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dáadáa dání. Kó ní kí ọmọ ìsọ̀ yí ohùn wálẹ̀ dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ nílé, kó sì tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Bí kò bá gbọ́ ọ yékéyéké níbẹ̀, kó dá owó rẹ̀ padà sápò.